Bí Omi Bá Wọ Ọ́fíìsì Ẹgbẹ́ Lálẹ́ Òní, Ta Ni Ẹlẹ́rìí Owó Yín?



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ èlé tàbí ọ̀rọ̀ ìpín èrè. A fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Bí iná bá ṣẹ́, bí omi bá wọlé, bí báńkì bá ti ìlẹ̀kùn, tàbí bí akọ̀wé wa bá dùbúlẹ̀ àìsàn fún oṣù méjì, èwo nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni yóò máa lọ, èwo ni yóò dúró? Èyí tó bá sì dúró, ọjọ́ mélòó ni a lè fi fara dà á kí ọjà wa tó bàjẹ́?

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní ètò lórí irú nǹkan báyìí. Àjọ àgbáyé tí ń gbé ìlànà iṣẹ́ kalẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí ISO, tilẹ̀ tẹ ìwé ìlànà kan jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 2012, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 2019. ISO 22301 ni wọ́n pè é. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín. Ohun tó jẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ kò ju ohun tí ìyá àgbà tó ti pẹ́ lọ́jà mọ̀ lọ: mọ ohun tí o kò lè ṣe aláìní; mọ ohun tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ; kí o sì ti wá ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé.

OHUN TÍ OJÚ WA TI RÍ

Àwọn àgbà ní òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀tá, ẹni eji rí leji ń pa. Àwa tí a ń gbé Ìwáyà mọ ìtumọ̀ òwe yìí. Ọ̀sà wà lẹ́yìnkùlé wa, Mákòkó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ilẹ̀ wa sì rẹlẹ̀. Bí òjò ńlá bá rọ̀ nígbà tí ọ̀sà kún, gọ́tà kò ní ibi tí yóò tú omi sí, omi á kàn padà wọlé tọ̀ wá ni. Ẹni tó bá wà ní Èkó ní ọdún 2011 yóò rántí òjò ọjọ́ 10 oṣù Keje, tó gba ẹ̀mí, tó sì ba dúkìá jẹ́ káàkiri ìlú.

Ti iná ńkọ́? Kò jìnnà sí wa, ní Yábà níbí, iná jó ọjà Tẹ̀júoṣó ní oṣù Kejìlá ọdún 2007. Àsìkò Kérésìmesì ni, àsìkò tí ìsọ̀ máa ń kún fún ẹrù. Oṣù Kẹjọ ọdún 2014 ni Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá tó ṣí ọjà tuntun tí wọ́n kọ́ síbẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́jọ. Oníṣòwò wo ló lè káwọ́ gbera fún ọdún mẹ́fà kó máa retí ìsọ̀? Àwọn kan bọ́ sí títì, àwọn kan gba ẹ̀bá rélùwéè lọ. Nígbà tí ọjà tuntun sì ṣí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tajà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni owó ìsọ̀ tuntun ga jù fún.

Nínú irú iná bẹ́ẹ̀, ẹrù nìkan kọ́ ló ń jó. Ìwé àwìn ń jó pẹ̀lú rẹ̀. Orúkọ ẹni tó jẹ wá, iye tí a jẹ ẹni tó fún wa lọ́jà, nọ́ńbà oníbàárà tó wà ní Ìbàdàn tàbí Kútọnu, gbogbo rẹ̀ á di eérú. Ẹrù tó jó ṣeé rà padà bí owó bá wà. Gbèsè tí kò sí ẹni tó lè jẹ́rìí sí i mọ́, ìjà ló ń dá sílẹ̀.

EWU KÒ LÓǸKÀ, OHUN TÓ Ń GBÀ LÓǸKÀ

Bí a bá ní kí á jókòó máa ka gbogbo ewu tó wà láyé, ilẹ̀ á ṣú, a kò ní tíì débì kankan. Ẹ jẹ́ kí á yí i padà. Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ewu kọ̀ọ̀kan gbà lọ́wọ́ ènìyàn.

Ní ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, ìjọba Èkó ti àwọn ọjà láti ọjọ́ 26 oṣù Kẹta, àfi àwọn tó ń ta oúnjẹ, oògùn àti ohun kòṣeémánìí. Ní ọjọ́ 30 oṣù kan náà, ìjọba àpapọ̀ sé Èkó, Ògùn àti Àbújá mọ́lé. Ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn. Iná kò jó, omi kò wọlé, ọ́fíìsì wà níbẹ̀ digbí. Ìpàdé ni kò ṣeé ṣe. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé orí tábìlì ìpàdé nìkan ló ti ń gba owó tó sì ti ń yáni lówó, kí ló fẹ́ ṣe?

Ní òpin ọdún 2022 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ẹ̀wẹ̀, owó náírà tuntun dé. Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ní owó àtijọ́ kò ní ná mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní. Wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Owó tuntun kò tó. Ẹni tó ní owó ní báńkì kò rí i gbà, àwọn oní-POS ń ta owó fún wa bí ẹni ta gàrí. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó dá a pé owó àtijọ́ ṣì ń ná títí di òpin ọdún. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí, ní oṣù Kẹrin ọdún 1984, nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Buhari pa owó dà, tí wọ́n sì ti ẹnubodè. Nínú méjèèjì, ọjà wà, oníbàárà wà, owó tí a lè fọwọ́ bà ni kò sí.

Ẹ ò rí i báyìí? Iná gba ibi iṣẹ́ àti ìwé. Kòrónà gba ìpàdé. Náírà tuntun gba owó ọwọ́. Àìsàn ń gba ènìyàn. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ohun márùn-ún péré ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa dúró lé: ènìyàn tó mọ iṣẹ́, ibi tí a ti ń ṣe é, ìwé tí a fi ń jẹ́rìí, owó tó ń lọ tó ń bọ̀, àti ọ̀nà tí a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Ewu yòówù tí ì báà dé lọ́la, kódà èyí tí a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ọ̀kan nínú márùn-ún yìí ni yóò fọwọ́ kàn. Ìdí nìyí tí ètò fi ṣeé ṣe. Kò dìgbà tí a bá di wòlíì.

ÈWO NI ÒPÓMÚLÉRÓ?

Igi pọ̀ nínú ilé, ṣùgbọ́n òpómúléró yàtọ̀. Bí wọ́n bá yọ igi kan nínú àjà, ẹ lè sùn di àárọ̀. Bí wọ́n bá yọ òpómúléró, ilé á wó lu yín lórí. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ fún ìgbìmọ̀ ni kí ó kọ gbogbo iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ń ṣe sílẹ̀, láti orí gbígba owó ìfipamọ́ títí dé orí dídá aṣọ ẹgbẹ́, kí ó sì bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: Bí èyí bá dúró, ta ni yóò sunkún? Ọjọ́ kelòó ni ẹkún náà yóò bẹ̀rẹ̀?

Ẹ wo ìyá ẹlẹ́ja kan tó ń ra ẹja tútù lọ́wọ́ àwọn apẹja Mákòkó, tó ń yan án, tó ń gbé e lọ sọ́jà. Owó tó pa lánàá ló fi ń ra ẹja tòní. Bí ọmọ rẹ̀ bá ṣàìsàn tó sì fi owó ọjà ra oògùn, ọ̀la kò sí ẹja nínú àtẹ. Ọjọ́ mẹ́ta báyìí, oníbàárà rẹ̀ ti bá ẹlòmíràn lọ. Ẹ̀yáwó kékeré tó bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ kejì gba òwò rẹ̀ là. Èyí tó bá dé lọ́sẹ̀ kẹta, gbèsè lásán ló gbé dání. Iye owó kan náà ni, ọjọ́ tó dé ló yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi ọjọ́ wọn iṣẹ́ ẹgbẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á fi ẹgbẹ́ oníṣòwò bíi tiwa ṣe àpẹẹrẹ. Iye ọjọ́ tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè dúró kí ara tó máa ni wá rèé:

Ìrànwọ́ àìsàn àti òkú: ọjọ́ 1.
Ẹ̀yáwó pàjáwìrì: ọjọ́ 3.
Kíkọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde sínú ìwé: ọjọ́ 7.
Gbígba owó ìfipamọ́ àti owó ẹ̀yáwó tí wọ́n ń san padà: ọjọ́ 30.
Ẹ̀yáwó ńlá fún ìsọ̀ tàbí ẹ̀rọ: ọjọ́ 30.
Ríra ìrẹsì àti òróró lápapọ̀: oṣù 3.
Ìpàdé gbogbogbòò ọdọọdún: oṣù 3.
Aṣọ ẹgbẹ́: ọdún 1. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ aláṣọ, ẹ má bínú sí wa.

Ẹgbẹ́ mìíràn lè ní iye ọjọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ohun tó máa ń gba ariwo jù nípàdé wà nísàlẹ̀ pátápátá, ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ ló wà lókè. Ẹ tún wo ẹ̀kẹta dáadáa, ìyẹn kíkọ ìwé. A fi í sí ọjọ́ 7, ṣùgbọ́n òun ló gbé àwọn méjì tó ṣáájú rẹ̀ dúró. Ta ni ẹ fẹ́ yá lówó bí ẹ kò bá mọ iye tó fi pamọ́? Ta ni ẹ fẹ́ sìn ní gbèsè bí ẹ kò bá mọ iye tó jẹ kù, àti ẹni tó ṣe onídùúró fún un? Láti ìgbà tí òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àkọ́kọ́ ti jáde ní Nàìjíríà ní ọdún 1935, lẹ́yìn ìwádìí tí C. F. Strickland ṣe fún ìjọba, ni ìwé tó mọ́ àti àyẹ̀wò owó ti wà lára ohun tí ìjọba ń béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó bá forúkọ sílẹ̀. Bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Ìwé ẹgbẹ́ ni igbá tí àwọn tó ṣáájú wa fín sílẹ̀. Àwa ni a gbọ́dọ̀ rí i pé kò parun lóòótọ́.

Ẹ WỌN EWU, Ẹ MÁ KÀN BẸ̀RÙ RẸ̀

Nígbà tí a bá ti mọ òpómúléró, a lè wá wo ohun tó lè wó o. Ọ̀nà rẹ̀ rọrùn. Ẹ fún ewu kọ̀ọ̀kan ní máàkì méjì, láti 1 dé 3. Máàkì kìn-ín-ní: ṣé ó máa ń ṣẹlẹ̀? 1 ni èyí tó ṣọ̀wọ́n, 3 ni èyí tí a ń rí lọ́dọọdún. Máàkì kejì: bí ó bá ṣẹlẹ̀, báwo ni yóò ti dùn wá tó? Kí ẹ wá fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀.

Omi wọ ọ́fíìsì: 3 lọ́nà 2, ó di 6. Iná: kì í ṣe ọdọọdún, ṣùgbọ́n bí ó bá dé kì í ṣẹ́ nǹkan kù, nítorí náà 2 lọ́nà 3, ó di 6. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì báńkì kò ṣiṣẹ́: 3 lọ́nà 2, òun náà di 6. Akọ̀wé tí kò sí nílé, nígbà tó jẹ́ pé òun nìkan ló mọ ibi tí ìwé wà àti bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀: ènìyàn ń ṣàìsàn, ènìyàn ń rìnrìn-àjò, ènìyàn ń kó lọ sí Ìkòròdú, nítorí náà 3 lọ́nà 3, ó di 9.

Àbí ẹ ò rí nǹkan! Iná ni gbogbo wa ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n ẹni tí a fọkàn tán jù ni ewu wa pọ̀ sí jù. Kì í ṣe nítorí pé ó burú. Dídára rẹ̀ ló pọ̀ jù, tí a fi di gbogbo ẹrù lé e lórí. Ẹni tó fẹ́ràn irú akọ̀wé bẹ́ẹ̀ yóò wá igbákejì fún un, tí yóò jókòó tì í lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tí yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé. Bákan náà ni ti àwọn tó ń buwọ́ lùwé ní báńkì. Bí ó bá jẹ́ ẹni méjì péré ni báńkì mọ̀, tí àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ọjọ́ tí ọ̀kan bá lọ sí Mẹ́kà ni owó gbogbo wa ti wọ túbú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí èyíkéyìí méjì lè buwọ́ lù ú.

Ìkìlọ̀ kan: máàkì kékeré kì í ṣe ìyọ̀ǹda láti sùn. Kí báńkì kógbá sílé pátápátá, 1 lọ́nà 3 ni, 3 péré. Ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báńkì máíkírófáínáǹsì 132. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2024, wọ́n gba ti Heritage Bank. Àjọ NDIC ló ń san owó fún àwọn tó fowó sí irú báńkì bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti sọ iye náà di púpọ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024: láti ₦500,000 sí mílíọ̀nù 5 náírà fún oníbàárà báńkì ńlá, láti ₦200,000 sí mílíọ̀nù 2 náírà fún ti máíkírófáínáǹsì. Ìyókù di ìgbà tí wọ́n bá ta dúkìá báńkì náà. Ẹ wá fetí sí èyí o: nígbà tí àkáǹtì bá wà lórúkọ ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ ni báńkì mọ̀, kò mọ ọmọ ẹgbẹ́ 120. Bí mílíọ̀nù 8 wa bá wà ní báńkì máíkírófáínáǹsì kan ṣoṣo, ẹ ṣírò iye tí yóò jókòó síta. Ẹ pín owó sí báńkì méjì, ó kéré tán.

Ọ̀NÀ KEJÌ MÁ GBA IBI TÍ Ọ̀NÀ KÌN-ÍN-NÍ GBÀ

Ọ̀nà kan ò wọjà, gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í rò: ọ̀nà méjì tó jọ gba orí afárá kan náà, ọ̀nà kan ni wọ́n. Bí afárá bá já, méjèèjì ti tán.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983, iná jó ilé gogoro NET ní Marina, ní Erékùṣù Èkó níhìn-ín. Ilé-iṣẹ́ NET ló ń bójú tó tẹlifóònù àti tẹ́lẹ́ẹ̀sì láti Nàìjíríà sí ilẹ̀ òkèèrè. Oníṣòwò tó ń bá Lọ́ńdọ̀nù ṣòwò lè rò pé ohun méjì lòun ní, tẹlifóònù àti tẹ́lẹ́ẹ̀sì. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń gbà kọjá.

Ogójì ọdún ó lé kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òkun. Wáyà mẹ́rin tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì bọ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ìyẹn WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Àbíjàn. Wáyà mẹ́rin, orúkọ mẹ́rin, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ òkun kan náà ni wọ́n gbà kọjá. Lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀ wa fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù, owó kò lọ. Ẹni tó ní áàpù báńkì méjì lórí fóònù kan lè rí i pé èkejì kò wúlò ju ẹ̀kíní lọ.

Ẹ mú ẹ̀kọ́ yìí bọ̀ nílé. Ẹ̀dà ìwé owó tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà pẹ̀lú ojúlówó rẹ̀, ẹ̀dà kọ́ nìyẹn. Omi kan náà ni yóò rẹ méjèèjì. Ẹ̀dà tó wà nílé alága ní òpópónà kejì ní Ìwáyà sàn díẹ̀, kò tíì tó, nítorí pé ilẹ̀ kan náà ni, ọ̀sà kan náà ni. Ẹ gbé ọ̀kan lọ sí ibi tó ga, tó jìnnà, bí ilé ọmọ ìgbìmọ̀ kan tó ń gbé Agége tàbí Ìkòròdú. Kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù lẹ́yìn ìpàdé. Bí akọ̀wé bá fẹ́ fi fóònù ya fọ́tò ojú ìwé, ó dára, ṣùgbọ́n kí ó má fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp o. Àṣírí owó ọmọ ẹgbẹ́ kì í ṣe ìròyìn. Àwọn tó ń buwọ́ lùwé pẹ̀lú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jẹ́ tọkọtaya tó ń gbé ilé kan náà.

Ti owó náà ní ìṣirò. Ká ní ìwé àtẹ̀yìnwá ẹgbẹ́ kan fi hàn pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ènìyàn 10 ló máa ń wá ẹ̀yáwó pàjáwìrì, tí kò sì sí ẹni tó ń gbà ju ₦50,000 lọ. 10 lọ́nà ₦50,000 jẹ́ ₦500,000. Iye tó yẹ kí ọwọ́ ẹgbẹ́ lè tó ní báńkì kejì nìyẹn, kódà bí báńkì àkọ́kọ́ bá dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Owó ọwọ́ ńkọ́? Èyí tí a ó fi ṣe ìrànwọ́ àìsàn àti òkú nìkan ni kó wà nítòsí, kó má pọ̀, kí ẹnì kan ní àpótí, kí ẹlòmíràn ní kọ́kọ́rọ́.

Ní ti iná, ẹ má tọ́jú kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù sínú ọ́fíìsì tàbí ìsọ̀, ẹ má sì gbé jẹnẹrétọ̀ sínú yàrá. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, 767 tàbí 112 ni nọ́ńbà tí a ń pè ní Èkó. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri, nítorí pé lọ́jọ́ iná, orí ènìyàn kì í pé.

ẸLẸ́RÌÍ TÓ WÀ LỌ́WỌ́ YÍN

A ti sọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ tó. Ó wá kan ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ fúnra yín. Àwọn tó dá ètò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀ ti fi ẹ̀dà ìwé lé olúkúlùkù lọ́wọ́ kí kọ̀ǹpútà tó délé wa. Pásíbúùkù yín ni. Bí ọmọ ẹgbẹ́ 120 bá mú pásíbúùkù lọ sílé, ẹ̀dà ìwé ẹgbẹ́ ti wà ní ọgọ́fà ilé nìyẹn. Iná wo ló lè jó ọgọ́fà ilé lálẹ́ ọjọ́ kan? Ìjàmbá yòówù kó dé bá ọ́fíìsì, a lè pe ara wa jọ, kí olúkúlùkù mú tirẹ̀ wá, kí á sì tún ìwé ńlá kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ṣùgbọ́n kí ni a ń ṣe? À ń fi pásíbúùkù sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé. “Bá mi fi pa mọ́, ọmọ mi, n ó wá gbà á lóṣù tó ń bọ̀.” Àwọn mìíràn kò tíì rí tiwọn láti ọdún tó kọjá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọgọ́fà ẹlẹ́rìí ti di ẹyọ kan, inú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà ni gbogbo wọn sùn sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba pásíbúùkù yín. Ẹ rí i pé wọ́n kọ owó tí ẹ san sí i lójú yín, kí ẹni tó gbà á buwọ́ lù ú. Ẹ wé e sínú ọ̀rá, ẹ gbé e sí ibi tí omi kò lè dé. Ẹni tí kò mọ̀wé kà, kí ó mú ọmọ rẹ̀ tó fọkàn tán dání. Kò sí ẹni tí yóò fi yín ṣẹ̀sín.

Ẹ DÁN AN WÒ

Ètò tí a kọ sórí ìwé tí a kò dán wò, àlá lásán ni. Ìdánwò rẹ̀ kò gba owó. Nípàdé kan, ẹ ní kí akọ̀wé jókòó sẹ́yìn, kó má la ẹnu. Ẹ mú orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta láìròtẹ́lẹ̀. Kí igbákejì akọ̀wé lo ẹ̀dà tó wà ní òkèèrè nìkan, kó sọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi pamọ́, iye tó jẹ, àti ẹni tó ṣe onídùúró fún un. Kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣí pásíbúùkù wọn, kí a fi wé ara. Bí ó bá bára mu, ẹ patẹ́wọ́ fún wọn. Bí kò bá bára mu, ẹ dúpẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò ni ẹ mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ọjọ́ ìjàmbá.

Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: lẹ́ẹ̀kan kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin, àti lẹ́ẹ̀kan ní oṣù Kọkànlá kí ẹ̀ẹ̀rùn àti ọjà Kérésìmesì tó wọlé, nígbà tí iná máa ń ṣọṣẹ́. Bí ẹgbẹ́ bá yan òṣìṣẹ́ tuntun, tàbí bí a bá pààrọ̀ báńkì tàbí ọ́fíìsì, ẹ tún un wò. Ètò ọdún méjì sẹ́yìn lè máa pe ẹni tó ti kó lọ sí Abẹ́òkúta.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ YÍN

Ohun mẹ́ta péré ni a fẹ́ kí ẹ bá wa ṣe ní ìpàdé tó ń bọ̀. Èkínní, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ mú pásíbúùkù wọn wá. Ẹni tí tirẹ̀ wà lọ́dọ̀ akọ̀wé, kó gbà á kó mú un lọ sílé. Èkejì, kí a fẹnu kò lórí iye ọjọ́ tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè dúró. Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́jà ni ẹ mọ ọjọ́ tí ẹkún ń bẹ̀rẹ̀, ìgbìmọ̀ kò lè dá a mọ̀. Ẹ̀kẹta, kí a yan igbákejì akọ̀wé àti ẹni tí yóò máa tọ́jú ẹ̀dà ìwé ní òkèèrè.

Kò sí ẹgbẹ́ tó lè ní kí òjò má rọ̀ sí Ìwáyà, kò sì sí èyí tó lè ní kí wáyà má já lábẹ́ òkun. Ṣùgbọ́n ìyá ẹlẹ́ja tó bá kanlẹ̀kùn wa lọ́jọ́ kejì ìjàmbá gbọ́dọ̀ bá ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀, tó mọ iye owó rẹ̀, tó sì lè tẹ owó lé e lọ́wọ́ kí ọjà ọ̀la tó ṣú. Torí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kó ara wa jọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹ má gbàgbé pásíbúùkù.